Písítìn àjèjì nínú ẹ́ńjìnnì Lambretta: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀

Ọdún 1947 ni ilé-iṣẹ́ Innocenti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe alùpùpù Lambretta ní ìlú Milan, lórílẹ̀-èdè Ítálì, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọn kò ti ṣe é níbẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣì ń gùn ún fi ń ra písítìn tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Fífẹ̀ písítìn nìkan kọ́ ló yẹ ní wíwò. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní fáàfù. Písítìn gan-an ni ilẹ̀kùn tó ń ṣí ihò tí epo ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde, òun náà ló sì ń tì wọ́n. Mìlímítà 57 ni fífẹ̀ písítìn Li 150. Bí òmíràn bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí gíga rẹ̀ láti ihò píìnì dé orí yàtọ̀, àsìkò tí àwọn ihò náà ń ṣí yóò yí padà. Bó bá ga jù, ó lè máa gbá ìdérí ẹ́ńjìnnì.

Nítorí náà, kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ wọn tuntun mọ́ ti àtijọ́. Bí ọfà bá wà lórí písítìn, ihò èéfín ni kó kọjú sí, kí ẹnu ríìngì má baà há sínú ihò. Kí wọ́n gbẹ́ sílíńdà bá písítìn tuntun, kí àlàfo tó yẹ sì wà, nítorí pé irin a máa wú bó bá gbóná. Láìsí àlàfo yìí, ẹ́ńjìnnì lè gan lójijì lórí eré, kí táyà ẹ̀yìn dúró, kó sì gbé ẹni tó ń gùn ún ṣubú.