Ohun Èlò Àjèjì, Ọwọ́ Ìbílẹ̀: Ọ̀dà Elépo nínú Ìtàn Iṣẹ́ Àwòrán ní Ìbíní àti Èkó

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Agbor wọ Ìlú Ìbíní yóò la Òkè Ikpoba kọjá kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ dé odò Ikpoba. Ìkọjá afárá odò náà ni ìlú àtijọ́ wà, pẹ̀lú àwọn yàrà rẹ̀, ààfin Ọba, àti àdúgbò Igun tí àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ti ń ṣiṣẹ́ láti ayébáyé. Ní ìlú yìí, iṣẹ́ ọnà kọ̀ọ̀kan ni ó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Igun Ẹrọnmwọn ni ti àwọn tí ń da idẹ. Igbesanmwan ni ti àwọn tí ń gbẹ́ igi àti eyín erin. Ọba ni ó ń rán wọn níṣẹ́, òun náà ni ó ń dáàbò bò wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ kankan láàfin fún ẹni tí ń fi ọ̀dà elépo yàwòrán sórí aṣọ títẹ́.

Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe máa ń sọ pé àlejò ni àwòrán ọ̀dà elépo jẹ́ nílẹ̀ yìí, àti pé ẹni tí ó bá ń yà á, iṣẹ́ òyìnbó ni ó ń bá òyìnbó ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kò tó láti fi ṣèdájọ́. Ibi tí ohun èlò ti wá jẹ́ ọ̀tọ̀; ẹni tí ó ni iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe jẹ́ ọ̀tọ̀. Ìtàn Ìbíní fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀rí láti ara idẹ

Láti ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn Pọtogí ti ń kó ìdè ọwọ́ onídẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní manilla, wá sí etíkun ilẹ̀ Adúláwọ̀ láti fi ra ata, eyín erin àti ẹrú. Ní Ìbíní, púpọ̀ nínú ìdè wọ̀nyí ni wọ́n yọ́ nínú iná, tí wọ́n sì sọ di orí Ọba àti pátákó idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n yẹ òjé tí ó wà nínú irú idẹ bẹ́ẹ̀ wò fi hàn pé agbègbè odò Rhine, ní ilẹ̀ Jámánì, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá.

Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó jẹ́ sọ pé iṣẹ́ Jámánì ni orí Ọba. Idẹ ni ó rìn wá. Ìmọ̀, èrò àti ìdí tí wọ́n fi da á kò rìn wá láti ilẹ̀ Jámánì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún idẹ, kí ni ìdí tí kò fi ní í rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀dà?

Ohun tí ọ̀dà elépo jẹ́

Ohun méjì pàtàkì ni ó wà nínú ọ̀dà elépo: èròjà aláwọ̀ tí wọ́n lọ̀ kúnná, àti epo tí ó so ó pọ̀. Epo tí àwọn ará Yúróòpù yàn jù ni èyí tí wọ́n fún láti inú hóró ọ̀gbọ̀, irúgbìn kan náà tí wọ́n fi òwú rẹ̀ hun aṣọ ọ̀gbọ̀. Epo yìí kì í gbẹ bí omi ti ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ ni ó ń wọ inú rẹ̀, tí ó sì ń sọ ọ́ di awọ líle tí kò tún ní í yọ́ mọ́. Ìdí nìyí tí epo pupa àti àdín kò fi lè ṣe iṣẹ́ yìí, bí wọ́n ti pọ̀ tó lọ́jà Ìbíní. Bí ẹnikẹ́ni bá fi epo pupa po èròjà aláwọ̀, ọdún yóò yípo, ọwọ́ yóò sì tún máa lẹ̀ mọ́ àwòrán náà.

Tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọṣẹ́ ni ó máa ń lọ ọ̀dà fún ọ̀gá wọn nínú yàrá iṣẹ́, inú àpòòtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sì máa ń fi í pamọ́ sí. Ní ọdún 1841 ni John Goffe Rand, ará Amẹ́ríkà, gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí ike onítánńganran tí ènìyàn lè fún ọ̀dà jáde lára rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀dà ti di ọjà tí ọkọ̀ òkun lè gbé lọ síbikíbi. Bí ó ṣe dé Èkó nìyẹn, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí kò mú, pátákó tí wọ́n ń po ọ̀dà lé lórí, àti igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń gbé àwòrán dúró.

Àríyànjiyàn Onabolu àti Murray

Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní ọdún 1882, ni aṣáájú àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ohun èlò wọ̀nyí mú. Akọ̀wé ìjọba ni ní Èkó, ó sì kọ́kọ́ fi àwòrán inú ìwé ìròyìn òyìnbó kọ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 1920 ó ya Dókítà Sápárà. Ní ọdún yẹn kan náà ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ St John's Wood ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó tún kẹ́kọ̀ọ́ ní Académie Julian ní Paris, ó sì padà wálé ní ọdún 1922. Ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀ hàn kedere. Àwọn aláṣẹ amúnisìn gbà pé ọwọ́ ènìyàn dúdú kò lè ya ojú ènìyàn bí ó ti rí. Onabolu kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan dá wọn lóhùn; ó gbé búrọ́ọ̀ṣì, ó sì ya àwọn gbajúmọ̀ Èkó, ojú wọn, aṣọ wọn àti iyì wọn.

Nígbà tí iṣẹ́ olùkọ́ pọ̀ jù fún un, ó bẹ ìjọba kí wọ́n fún un ní olùrànlọ́wọ́. Kenneth Murray ni wọ́n mú wá ní ọdún 1927. Èrò Murray yàtọ̀ sí tirẹ̀: ó fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà sí iṣẹ́ ọnà baba wọn, amọ̀, igi àti aṣọ, kí wọ́n má bàa di ẹlẹ́dàá òyìnbó. Ìfẹ́ tí Murray ní sí iṣẹ́ ìbílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lábẹ́ ìmọ̀ràn rẹ̀: ta ni ó láṣẹ láti yan ohun èlò fún oníṣẹ́ ọnà? Kò sí ẹni tí ó sọ fún Igun Ẹrọnmwọn ayé àtijọ́ pé kí wọ́n dá idẹ Pọtogí padà. Ní Zaria, láti ọdún 1958, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí Uche Okeke, Yusuf Grillo, Demas Nwoko àti Bruce Onobrakpeya wà nínú rẹ̀ dáhùn pé oníṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀ ni yóò yan èyí tí ó dára nínú méjèèjì.

Yàrá iṣẹ́ ní Ìbíní

Erhabor Emokpae, tí wọ́n bí ní Ìbíní ní ọdún 1934 tí ó sì kú ní ọdún 1984, jẹ́ àpẹẹrẹ irú yíyàn bẹ́ẹ̀. Nínú àwòrán rẹ̀ ti ọdún 1962 tí ó sọ nípa ìjàkadì ìyè àti ikú, ọ̀dà elépo ni ó lò lórí pátákó, dúdú àti funfun sì dojú kọ ara wọn. Ohun èlò náà ti òkè òkun wá. Èrò inú rẹ̀ kò ti ibẹ̀ wá.

Ẹni tí ó bá ń fi ọ̀dà elépo ṣiṣẹ́ ní Ìbíní kò lè tẹ̀lé ìwé ẹ̀kọ́ Yúróòpù láìyẹsẹ̀. Ìwé wọ̀nyẹn pàṣẹ pé kí fèrèsé yàrá iṣẹ́ kọjú sí àríwá, nítorí pé oòrùn ọ̀sán ọ̀hún kì í gba ìhà ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n Ìbíní kò jìnnà sí agbedeméjì ayé: láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ìhà àríwá gan-an ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún lé ní mílímítà 2,000; ọ̀rinrin máa ń mú kí aṣọ títẹ́ dẹ̀, kí èbu sì bò ó. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku rẹ̀ a lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. Òfin kan wà tí kò yàtọ̀ níbikíbi: aṣọ gbọ́dọ̀ ní ìpìlẹ̀ kí epo má bàa jẹ ẹ́, ọ̀dà tí epo rẹ̀ kéré ni ó sì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, kí èyí tí epo rẹ̀ pọ̀ wà lókè. Ẹni tí ó bá yí i po yóò rí i pé àwòrán rẹ̀ sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn.

Nígbà tí ọjà wọ́n

Ní ọdún 1986 ni ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé. Náírà já wálẹ̀, owó ọjà òkèèrè sì gòkè lálá. Ibi tí ìyàtọ̀ ayàwòrán àti alágbẹ̀dẹ idẹ ti hàn jù nìyí. Ọba ni ó ń wá idẹ fún Igun. Ayàwòrán nìkan ni ó ń wá ọ̀dà fún ara rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ṣoṣo ni tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán fi aṣọ òwú nínípọn rọ́pò aṣọ ọ̀gbọ̀. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù igi àti ọ̀dà olómi tí wọ́n fi ń kun ògiri ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn fi ọ̀dà dídán tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn yàwòrán. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n olówó gọbọi ni nígbà mìíràn, nítorí pé ọ̀dà ilẹ̀kùn lè pọ́n, ó sì lè sán kí ọdún tó pọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Bí epo pupa kò bá lè gbẹ, epo mìíràn ń bẹ nílẹ̀ yìí tí ó lè gbẹ. Awùsá, tí àwọn mìíràn ń pè ní àsálà, tí àwọn obìnrin ń sè tà lẹ́bàá ọ̀nà, ní epo tí ń gbẹ bí epo ọ̀gbọ̀. Epo hóró rọ́bà náà ń gbẹ níwọ̀nba. Iyanomo, níbi tí iléeṣẹ́ ìwádìí rọ́bà ti orílẹ̀-èdè yìí wà, bọ́ sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ikpoba-Okha, èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ mọ́ Ikpoba. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ibẹ̀ àti ti Yunifásítì Ìbíní ti tẹ ìwádìí jáde lórí bí wọ́n ṣe lè sọ epo náà di ohun tí ń so ọ̀dà pọ̀. Ìmọ̀ ti wà lọ́wọ́ kan, ayàwòrán sì wà lọ́wọ́ kejì. Ẹgbẹ́ tí yóò so wọ́n pọ̀, bí ààfin ti so idẹ pọ̀ mọ́ Igun, ni ó kù.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pé àjèjì ni ọ̀dà elépo kò yẹ kí ó dá ayàwòrán kankan lójú kù. Idẹ pẹ̀lú ti ṣe àjèjì rí. Ohun tí ó yẹ kí ó ká ni lára ni pé ẹni tí kò ní ìkáwọ́ lórí ohun èlò rẹ̀, ọjà òkèèrè ni yóò máa sọ ìgbà tí yóò ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí yóò káwọ́ gbera.