Iná ABS Tí Kò Tàn Rárá: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹni Tó Fẹ́ Ra Tòkunbọ̀ Mọ̀

Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó-Èkìtì, àtàwọn tó ń ná Ìsẹ̀ àti Èmùré, ló ní ẹ̀rọ tó ń ran awakọ̀ lọ́wọ́. Àwọn ẹ̀rọ yìí lè ti bàjẹ́ kí ọkọ̀ tó wọ Nàìjíríà, kí ẹni tó rà á má sì mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà: kí èèyàn gbọ́kàn lé ohun tí kò ṣiṣẹ́ mọ́.

ABS

Ọdún 1978 ni ABS tí iléeṣẹ́ Bosch ṣe kọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀ Mercedes-Benz. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì pa lójijì, ẹ̀rọ yìí á máa dì í, á máa tú u sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Táyà ò ní há, ọkọ̀ á ṣì gbọ́ràn sí sítíárì lẹ́nu. Bí bíréèkì bá ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ lásìkò yẹn, kì í ṣe pé ó bàjẹ́ o. Kí awakọ̀ má ṣe gbé ẹsẹ̀ kúrò. Àmọ́ lórí ọ̀nà oko tó ní òkúta wẹ́wẹ́, ọkọ̀ tó ní ABS lè pẹ́ kó tó dúró.

ESC

Èyí ló ń fa ọkọ̀ padà bó bá fẹ́ yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, pàápàá ní kọ́nà lásìkò òjò. Ó ti di dandan fún ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2011, àti ní Yúróòpù láti ọdún 2014. Sẹ́ńsọ̀ ara táyà tí ABS ń lò lòun náà ń lò. Bí sẹ́ńsọ̀ yẹn bá kú, àwọn méjèèjì ló dákẹ́.

Bíréèkì tó ń tẹ ara rẹ̀, àti ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìlà

Láti oṣù Keje ọdún 2024, méjèèjì ti di dandan fún gbogbo ọkọ̀ tuntun ní Yúróòpù. Kámẹ́rà ẹ̀yìn gíláàsì iwájú tàbí rádà ni wọ́n fi ń ríran. Ẹrẹ̀ lè bò wọ́n lójú. Bí wọ́n bá pààrọ̀ gíláàsì, wọ́n gbọ́dọ̀ tún kámẹ́rà náà tò. Níbi tí ìlà funfun ti pa rẹ́ lójú títì, kò sí ohun tí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìlà fẹ́ rí. Kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé á rí ewúrẹ́ tó já wọ títì tàbí ọ̀kadà tí kò níná lálẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, láì tíì sítáàtì. Iná ABS àti ti airbag gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n sì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tàbí lẹ́yìn tó bá sítáàtì. Èyí tó bá ń tàn tí kò kú, nǹkan ti bàjẹ́ níbẹ̀. Èyí tí kò tàn rárá nínú ọkọ̀ tó yẹ kó ní in ló burú jù: ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ gílóòbù tàbí gé wáyà, kí oníbàárà má bàa mọ̀. Kí mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ scan bá a wò ó kó tó sanwó.

Bíréèkì lásán ṣì lè ṣiṣẹ́ bí iná ABS bá ń tàn, àmọ́ táyà lè há. Bí ti airbag bá ń tàn, ó lè má tú jáde lọ́jọ́ ìjàǹbá.

Eré sísá

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2016 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti ń fi dandan mú ọkọ̀ èrò láti ní ẹ̀rọ tó ń dín eré kù. Láàárín ìlú, eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan ni òfin gbà. Kò sí ABS tàbí ESC tó lè gba ẹni tó sá kọjá agbára táyà rẹ̀ là, bẹ́líìtì ìjókòó ló sì yẹ kó ṣáájú airbag. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà FRSC.