Ìpín owó jẹ́lé-ó-sinmi nínú ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní Nàìjíríà

Ìpín owó jẹ́lé-ó-sinmi nínú ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní Nàìjíríà jẹ́ apá kan nínú ètò tí ìjọba fi ń pín owó ẹ̀kọ́ láàárín jẹ́lé-ó-sinmi, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré. Òfin ka jẹ́lé-ó-sinmi mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìlànà tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ (UBEC) lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìpín tirẹ̀ ló kéré jù.

== Ìtàn ==
Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955 wà fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti ọdún 1977 mẹ́nu ba jẹ́lé-ó-sinmi, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn aládàáni ni ó fi ìdásílẹ̀ rẹ̀ sí ní pàtàkì. Nítorí náà, òbí tó lágbára láti san owó ilé-ẹ̀kọ́ ni ọmọ rẹ̀ sábà máa ń jàǹfààní.

Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣí ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ènìyàn (UBE) ní Sókótó ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1999. Òfin UBE ti ọdún 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọdé mọ́ ètò náà. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti ọdún 2013 sì fi ọdún 1 fún àwọn ọmọ ọdún 5 kún ọdún 9 ti tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fi di ọdún 10.

== Orísun owó ==
Òfin 2004 pàṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ yọ ó kéré tán 2% nínú àkójọ owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Kí ìpínlẹ̀ kan tó lè gba ìrànwọ́ náà, ó gbọ́dọ̀ dá ó kéré tán 50% iye owó iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Kíkọ́ àti títún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ṣe, àga, tábìlì àti ìwé wà lára ohun tí wọ́n ń fi owó náà ṣe. Owó oṣù olùkọ́ kò sí nínú rẹ̀.

== Bí wọ́n ṣe pín in ==
Nínú ìlànà náà, jẹ́lé-ó-sinmi gba 5%, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gba 60%, girama kékeré sì gba 35%. Bí a bá fi ọdún ẹ̀kọ́ wọ̀n ọ́n, ọdún 6 ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nínú ọdún 10 bá 60% mu gẹ́lẹ́. Ọdún 3 ti girama kékeré gba ju 30% lọ, ṣùgbọ́n ọdún 1 ti jẹ́lé-ó-sinmi gba ìdajì 10% tí ì bá kàn án. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kò sí nínú ìṣirò yìí rárá.

== Àríyànjiyàn ==
Àwọn tó fẹ́ kí ìpín náà pọ̀ sí i gbà pé ìpìlẹ̀ tí ọmọ bá ní ní kékeré ló ń gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ró. James Heckman, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé tó gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2000, wà lára àwọn tó sọ pé èrè owó tí a ná sórí ọmọdé, pàápàá ọmọ tálákà, pọ̀ ju ti owó tí a ná nígbà tó bá dàgbà. Àwọn mìíràn ń wo bí ọmọ ṣe pọ̀ tó ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ kò ti tó. Lójú tiwọn, bí a bá bu owó kúrò níbẹ̀, ìyà yóò jẹ àwọn ọmọ tó ti wà ní kíláàsì.

Ìṣòro mìíràn ni pé ìpínlẹ̀ tí kò bá dá owó tirẹ̀ kò lè gba ìrànwọ́ náà. Ní irú ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba 5% ti jẹ́lé-ó-sinmi pàápàá kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ.