Nígbà tí Iyè Ẹ̀rọ Bá Rá: Ìtàn Àléébù Mẹ́mórì Kọ̀ǹpútà

Nínú èdè Yorùbá, iyè ni ohun tí ènìyàn fi ń rántí nǹkan. Bí ẹnì kan bá ń gbàgbé ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀, wọn a ní iyè rẹ̀ ti rá. Kọ̀ǹpútà náà ní iyè tirẹ̀, èyí tí àwọn tí ń tà á àti àwọn tí ń tún un ṣe ń pè ní RAM. Iyè náà sì máa ń rá. Ènìyàn tí iyè rẹ̀ rá lè jẹ́wọ́ pé òun kò rántí mọ́. Kọ̀ǹpútà kì í jẹ́wọ́: ohun tí ó ṣì rántí ni yóò gbé kalẹ̀ bí ẹni pé òótọ́ ni.

Ní ìlú Àgbàdo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀, níbi tí ilẹ̀ Ògùn àti ilẹ̀ Èkó ti pààlà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ojú irin tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, gba ìlú náà kọjá. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì ti ń kó èrò láti Oyìngbò dé Àgbàdo, tí ó ń dúró ní Ìkẹjà lójú ọ̀nà. Ní Ìkẹjà yìí ni ọjà kọ̀ǹpútà Otigba wà, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Computer Village. Olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ra kọ̀ǹpútà àlòkù níbẹ̀, tí ó gbé e wálé láti fi Windows tuntun sí i, lè rí i pé iṣẹ́ náà dúró ní agbedeméjì, tí ẹ̀rọ sì kọ ọ́ sójú pé fáìlì kan ti bàjẹ́. Yóò tún un bẹ̀rẹ̀. Yóò tún dúró ní ibòmíràn. Dísìkì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá lẹ́bi, wọn a sì lọ ra òmíràn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ èyí tí í ṣe ẹ̀tẹ̀ nínú méjèèjì, kí ni yóò ti ṣe é?

Ọdún 1963 ni wọ́n sábà máa ń kà sí ọdún tí kọ̀ǹpútà wọ Nàìjíríà, nítorí iṣẹ́ ìkànìyàn 1962 sí 1963. Ọdún kan náà ni ilé-iṣẹ́ IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní àkókò náà, òrùka kéékèèké tí a fi èròjà irin ṣe ni iyè kọ̀ǹpútà. Jay Forrester àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi irú iyè yìí sínú ẹ̀rọ Whirlwind ní 1953, nítorí pé àwọn gílóòbù oníná tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kò ṣe é gbára lé. Òrùka kan a máa pa bíìtì kan ṣoṣo mọ́: bí agbára òòfà inú rẹ̀ bá yí sí ọ̀tún, ó di “bẹ́ẹ̀ ni”, bí ó bá yí sí òsì, ó di “bẹ́ẹ̀ kọ́”. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ki wáyà tín-ín-rín bọ inú wọn níkọ̀ọ̀kan, àwọn obìnrin ni ó sì pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá ti rí ìyá àgbà tí ń hun kíjìpá lórí òfì yóò mọ irú sùúrù tí iṣẹ́ náà gbà. Iyè olórùka yìí wọ́n, ó sì tóbi, ṣùgbọ́n bí iná tilẹ̀ lọ, kì í gbàgbé.

Ṣáájú èyí ni ọ̀gbẹ́ni Richard Hamming, onímọ̀ ìṣirò ní Bell Laboratories, ti pàdé irú ìyà tí ẹni tí ń fi Windows sí ẹ̀rọ lónìí ń pàdé. Ní 1947, ìparí ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fún un láàyè lórí kọ̀ǹpútà wọn, nígbà tí kò sí òṣìṣẹ́ kankan nítòsí. Bí ẹ̀rọ náà bá ti ṣàkíyèsí àṣìṣe, a pa iṣẹ́ rẹ̀ tì, a bọ́ sórí ti ẹlòmíràn. Bí Hamming bá dé ní ọjọ́ Ajé, kò ní bá nǹkan kan. Ìbéèrè tí ó bi ara rẹ̀ ni pé, bí ẹ̀rọ bá lè mọ̀ pé àṣìṣe wà, èéṣe tí kò lè mọ ibi tí ó wà, kí ó sì tún un ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ jáde ní 1950. Òun ni ìpìlẹ̀ ọgbọ́n tí àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá fi ń ṣàtúnṣe àṣìṣe iyè wọn títí di òní.

Ní 1968, Robert Dennard ti ilé-iṣẹ́ IBM gba ẹ̀tọ́ lórí irú iyè mìíràn. Tiransísítọ̀ kan ṣoṣo àti àgbá kékeré kan tí ń gba iná dúró ni ó tó fún bíìtì kan. Ní 1970, Intel gbé ṣíìpù 1103 jáde, tí bíìtì 1,024 wà nínú rẹ̀. Kò sì pẹ́ tí òrùka fi di ohun àtijọ́. Irú iyè Dennard yìí ni ó wà nínú gbogbo RAM tí wọ́n ń tà ní Otigba. Àléébù kan wà lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: àgbá náà ń jò. Bí akèrègbè tí ó lu ni. Àfi kí a máa tún omi bù sí i. Nínú RAM òde òní, láàárín ìdá 64 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti bu iná sí gbogbo àgbá náà padà. Bí ọ̀kan bá wà nínú ẹgbàágbèje tí ó ń jò kíákíá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí a fi pamọ́ síbẹ̀ ti ṣòfò. Ooru sì ń mú kí ó jò sí i. Ìdí nìyí tí RAM kan fi lè ṣe dáadáa ní òwúrọ̀, tí yóò sì máa ṣe ségesège nígbà tí oòrùn ọ̀sán bá mú.

Ní 1978, Timothy May àti Murray Woods ti Intel fi hàn pé ìtànṣán alpha láti ara èròjà bí uranium, tí ó wà ní ìwọ̀n kínún nínú ohun tí wọ́n fi di ṣíìpù, lè yí bíìtì padà láìba ṣíìpù náà jẹ́. Ìwádìí náà lókìkí, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ó mú kí àwọn kan máa di ẹ̀bi gbogbo ru ohun tí ojú kò rí. Nígbà tí Schroeder, Pinheiro àti Weber yẹ àwọn kọ̀ǹpútà Google wò, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009, wọ́n rí i pé RAM tí ó ju 8 lọ nínú 100 ni ó ní àṣìṣe láàárín ọdún kan, àti pé èyí tí ó pọ̀ jù wá láti ara RAM tí ó ti bàjẹ́ gan-an.

Níbo ni ọ̀nà ti wá yà? Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ jáde ní 1981, ó fi bíìtì kẹsàn-án ti bíìtì mẹ́jọ mẹ́jọ láti ṣe ẹlẹ́rìí. Bí ẹ̀rí kò bá bára mu, ẹ̀rọ a dúró, a sì wí i síta. Bí a bá ti tàn án pàápàá, a kọ́kọ́ yẹ iyè rẹ̀ wò. Nọ́ńbà 201 tí ó bá yọ lójú rẹ̀ ni àmì pé iyè ní àrùn. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà yọ ẹlẹ́rìí náà kúrò kí owó ọjà lè wálẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ ilé-ìfowópamọ́ àti ilé-iṣẹ́ ńlá. Ọjà rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó ni ó san gbèsè rẹ̀, nítorí pé láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ tálákà ti ń ṣàṣìṣe láìfọhùn.

Ìgbà tí a bá ń fi ètò tí yóò darí ẹ̀rọ sí i ni àṣìṣe tí kò fọhùn yìí máa ń tú sí gbangba. Lójoojúmọ́, ẹni tí ń tẹ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà kì í lò ju apá kan iyè rẹ̀ lọ. Bíìtì tí ó bàjẹ́ lè wà ní igun tí ẹnikẹ́ni kò dé. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi Windows tàbí Linux sí i, ọ̀kẹ́ àìmọye fáìlì tí a ti fún pọ̀ ni ẹ̀rọ yóò kó wọ inú iyè, tí yóò tú wọn, tí yóò sì gbé wọn sórí dísìkì. Fáìlì tí a fún pọ̀ kò gba àṣìṣe: bí bíìtì kan ṣoṣo bá yí padà, àpapọ̀ ìṣirò tí wọ́n fi sàmì sí i kò ní dọ́gba mọ́, ẹ̀rọ yóò sì ní fáìlì ti bàjẹ́. Dísìkì kò ṣẹ̀. Ọ̀nà ni ẹrù ti bàjẹ́.

Àwọn tí ń lo Linux ni wọ́n kọ́kọ́ sọ èyí di ìmọ̀ tí ó tàn kálẹ̀, láàárín ọdún 1990 sí 1999. Bí wọ́n bá ń ṣe àkójọ ètò wọn láti ìpìlẹ̀, iṣẹ́ a máa já lójijì pẹ̀lú àmì 11. Wọ́n wá ṣàkíyèsí pé bí àṣìṣe bá jẹ́ ti ètò fúnra rẹ̀, ojú kan náà ni iṣẹ́ yóò máa já sí. Bí ó bá ń já síhìn-ín lónìí, tí ó já sọ́hùn-ún lọ́la, ara ẹ̀rọ ni kí a yẹ̀ wò. Èyí kì í ṣe òfin tí kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúlò ju kí a sáré ra dísìkì lọ.

Memtest86, tí Chris Brady kọ́kọ́ kọ, wá láti fi òpin sí àròsọ. Kì í dúró de Windows. Orí ara rẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́ láti inú fláàṣì. Yóò kọ òdo sí gbogbo iyè, yóò kà á padà. Yóò kọ òdìkejì rẹ̀, yóò tún kà á, láti òkè dé ìsàlẹ̀ àti láti ìsàlẹ̀ dé òkè, nítorí pé ilé kan nínú iyè lè pé pérépéré títí ilé tí ó múlé tì í yóò fi mira. Láti ìgbà Windows Vista ni Windows náà ti ní irú ètò bẹ́ẹ̀ nínú. Àṣìṣe kan ṣoṣo ti tó láti dá RAM lẹ́bi; èyí tí ara rẹ̀ dá kì í ní ẹyọ kan. Iṣẹ́ náà lè gba wákàtí púpọ̀, ohun tí kò rọrùn níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ tí ó ń bọ̀.

Bí àṣìṣe bá ti hàn, ọ̀nà àtijọ́ ni ó dára jù. A ó yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, a ó yọ gbogbo RAM, a ó fi rọ́bà ìpàwérẹ́ nu eyín aláwọ̀ wúrà rẹ̀, a ó sì máa dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. RAM tí ó ń ṣàṣìṣe nínú gbogbo ihò ni ó ní àrùn. Bí gbogbo RAM bá sì ń ṣàṣìṣe nínú ihò kan, ihò náà ni. Ohun kan wà tí àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe sábà máa ń gbàgbé: bí a bá fi ẹ̀rọ tí iyè rẹ̀ rá ṣe fláàṣì Windows, fláàṣì náà lè ti bàjẹ́, yóò sì kó ìyọnu ran ẹ̀rọ mìíràn tí ara rẹ̀ le. Lórí ẹ̀rọ mìíràn ni kí a ti ṣe é.

Àrùn tí ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo Ọlọ́ya ní ń ṣe. Ṣùgbọ́n ti ọjà tòkunbọ̀ le ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìwádìí tí Basel Action Network tẹ̀ jáde ní 2005 sọ pé nǹkan bí àpótí ńlá 500 ẹrù ẹ̀rọ àlòkù ni ó ń wọ Èkó lóṣooṣù, àti pé àwọn oníṣòwò fúnra wọn ní bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ kò ṣe é tà tàbí tún ṣe. Nínú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ RAM tà. Ó pẹ́ tí ìjọba Èkó ti ń sọ pé òun yóò kó ọjà Otigba lọ sí Katangowa, ní agbègbè ìdàgbàsókè Àgbàdo/Òkè-Odò. Ibikíbi tí ọjà bá wà, kí olùrà ní kí wọ́n fi Memtest86 yẹ RAM wò lójú òun kí ó tó sanwó. Ó sàn ju ẹ̀rí “ó ń tàn” lọ.

Ìṣòro tí ó wà nílẹ̀ báyìí yàtọ̀ díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun, wọ́n ti jó RAM mọ́ pátákó ẹ̀rọ, kò sì ṣe é yọ dán wò mọ́. Ohun tí ó kù ni kí a pàrọ̀ pátákó náà, tàbí kí a sọ fún ètò tí ń darí ẹ̀rọ pé kí ó má ṣe dé ibi tí ó bàjẹ́. Linux ní àyè fún èyí, Windows náà sì ní i. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí Memtest86 bá ṣe ni a ó fi mọ ibi tí a ó sọ fún un.