Wíwú Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kì í Ṣe Ọ̀kan Náà: Ìtàn Ìtọ́jú Egungun Ojú

Àwọn àgbà ní àìtètè mólè ni olè ń mólóko. Bí òwe yìí ṣe bá ọ̀rọ̀ oko mu, bẹ́ẹ̀ náà ni ó bá ọ̀rọ̀ egungun ojú mu. Ilẹ̀ olókè ni Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ní Àkókó. Ọ̀nà ibẹ̀ a máa gun òkè, a máa sọ̀ kalẹ̀, a sì máa yí àpáta po. Ẹni tí ó bá ṣubú lórí ọ̀kadà tàbí láti orí ọ̀pẹ lè fi ojú gbalẹ̀. Ẹlòmíràn wà tí kò ṣubú rárá, síbẹ̀ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń wú díẹ̀díẹ̀ láìdùn ún. Báwo ni ènìyàn ṣe mọ ìtọ́jú irú nǹkan báwọ̀nyí? Ipa wo sì ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wa kó níbẹ̀?

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Nínú ìwé ìṣègùn kan tí wọ́n dà kọ ní Íjíbítì ní nǹkan bí 1600 ṣáájú ìbí Kristi, a kọ́ oníṣègùn bí yóò ṣe dá párì-ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó yẹ̀ padà sí àyè rẹ̀: kí ó ti àtàǹpàkò méjèèjì bọ ẹnu aláìsàn, kí ó fi àwọn ìka yòókù gbá àgbọ̀n mú lábẹ́, kí ó sì tì í padà. Ọ̀nà yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí àwọn dókítà ń lò lónìí. Ṣùgbọ́n bí párì bá ṣẹ́ tí ọgbẹ́ sì wà lórí rẹ̀, ìwé náà ní kí oníṣègùn má dáwọ́ lé e.

Kò yà wá lẹ́nu. Àwọn tí ń to egungun nílẹ̀ wa mọ bí a ṣe ń fi igi àti aṣọ di ẹsẹ̀ tàbí apá tí ó ṣẹ́. Párì kò gba irú ìdè bẹ́ẹ̀. Inú ẹnu kì í gbẹ, ìdọ̀tí ń gba ẹ̀bá eyín wọ ojú ibi tí egungun ti ṣẹ́, aláìsàn sì gbọ́dọ̀ jẹun. Eyín fúnra rẹ̀ ni ìdè tí ó yẹ párì. Àwọn Gíríìkì ìgbà Hippocrates ti mọ èyí, nítorí wọ́n ń fi okùn wúrà so eyín mọ́ eyín.

Ohun àkọ́kọ́ tí dókítà ń wò kì í ṣe egungun, èémí ni. Ahọ́n so mọ́ iwájú párì. Bí párì bá ṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì, ahọ́n lè ṣubú sẹ́yìn kí ó dí ọ̀fun. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè yóò tẹ̀ lé e. Ṣé eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń pàdé bíi ti tẹ́lẹ̀? Ṣé ètè ìsàlẹ̀ kú tipiri? Ṣé nǹkan kan ń di méjì lójú rẹ̀? Ìdáhùn wọ̀nyí ń tọ́ka ibi tí egungun ti ṣẹ́ kí X-ray tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní 1901, René Le Fort ti ilẹ̀ Faransé fi orí òkú ṣe ìwádìí, ó sì rí i pé ipa mẹ́ta ni egungun àárín ojú sábà máa ń gbà ṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni a ṣì fi ń pe ipa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ti ìtọ́jú, a lè fi wáyà so eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí aláìsàn máa mu ẹ̀kọ mímu; a sì lè fi irin pẹlẹbẹ kékeré àti ìdè rẹ̀ kan egungun pọ̀.

Ní Nàìjíríà, ọkọ̀ ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù. Ní 1980, E. O. Adekeye tẹ ìwádìí kan jáde nípa ènìyàn 1,447 tí egungun ojú wọn ṣẹ́, tí a tọ́jú ní Kàdúná. Ìjàǹbá ojú pópó ni ó ṣáájú gbogbo ohun tí ó fà á. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ààbò ojú pópó, FRSC, sílẹ̀ ní 1988, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, egungun ojú wà lára ohun tí wọ́n ń dáàbò bò.

Ìṣòro kan wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ borí àwọn oníṣẹ́ abẹ. Ẹni tí párì rẹ̀ ṣèṣe kì í sábà lè la ẹnu. Báwo ni a ó ṣe fún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ó mọ ìrora? Ní 1977, J. O. Akinosi, ọmọ Nàìjíríà, kọ nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹnu ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé a lè ṣe é láìla ẹnu: kí abẹ́rẹ́ gba àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín òkè kọjá lọ sẹ́yìn. Vazirani ti kọ nípa irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní 1960, nítorí náà a so orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀. Káàkiri àgbáyé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú eyín ti ń kọ́ orúkọ Akinosi.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ń wú láìsí pé ènìyàn ṣubú. Ìbàdàn kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ńlá níbí. Ní 1969, Akinosi kan náà àti A. O. Williams kọ nípa ameloblastoma tí wọ́n rí níbẹ̀. Láti ara ohun tí ń ṣe eyín ni kókó yìí ti ń hù. Kì í dunni, kì í yára, ṣùgbọ́n ó ń jẹ egungun lọ. Bí a bá kàn ha á kúrò, ó lè padà. A sábà máa ń gé e tòun ti díẹ̀ lára egungun tí ó dá, kí a tó fi egungun ìbàdí tàbí irin dí àlàfo náà. Bí ó bá ti pẹ́ tó ni ohun tí a ó gé ṣe ń pọ̀ tó.

Èkejì ni èyí tí Denis Burkitt ṣàpèjúwe ní Ùgáńdà ní 1958. Párì ọmọdé ni ó sábà máa ń mú, ó sì ń yára gidigidi. Ọ̀bẹ kọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀, oògùn ni. Victor Anomah Ngu, ọmọ Kamẹrúùnù tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tí ó fi oògùn tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà ní 1972 nítorí iṣẹ́ náà. Ẹ wò ó: wíwú méjì lórí egungun kan náà, ọ̀kan ń fẹ́ ọ̀bẹ, èkejì ń fẹ́ oògùn. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bíbu díẹ̀ lára wíwú náà, kí a fi ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi wò ó, ni ó ń sọ orúkọ àrùn.

Ìdí nìyí tí ìtàn yìí fi kan Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìkàrẹ́, ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ọ̀wọ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ kò jìn tó ọdún tí àwọn mìíràn fi ń lo àgúnmu sórí wíwú tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ yín kan bá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó wú, tàbí tí eyín rẹ̀ ń mì láìnídìí, tí kò sì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dúró di ìgbà tí yóò dùn ún. Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ ní Ìbàdàn àti Kàdúná ti ṣe tiwọn. Kí á tètè gbé aláìsàn dé ibi tí ìmọ̀ náà wà ni ó kù sí wa lọ́wọ́.