Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Fóònù Fẹjọ́ Kòtò Ojú Títì àti Gọ́tà Dídí Sun Káńsù

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé ní Kánò, Jos, Kàdúná, Minna, Àbújá tàbí Port Harcourt ló mọ gọ́tà kan ládùúgbò tó ti dí tipẹ́. Gbogbo èèyàn ló ń kùn, kò sẹ́ni tó ń lọ sọ. Ohun tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará wa ni pé, "Àlejò ni wá níbí, ta ló máa dá wa lóhùn?" Bẹ́ẹ̀ omi tí kò ríbi gbà kì í béèrè ìlú tí onílé ti wá kó tó wọlé. Ní ọdún 2022, omíyalé pa èèyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà. Ìdí nìyí tí a fi kó àlàyé yìí jọ fún àwọn ẹgbẹ́ wa.

Kí ni áàpù ń ṣe níbẹ̀?

Iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Ẹ ya fọ́tò ibi tó bàjẹ́, ẹ tọ́ka sí i lórí máàpù, ẹ sọ irú ìṣòro tó jẹ́, ẹ fi ránṣẹ́. Áàpù náà ló máa wo káńsù tó ni ibẹ̀, tí yóò sì gbé ẹ̀sùn yín dé ọ̀dọ̀ wọn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ mySociety dá FixMyStreet sílẹ̀ ní ọdún 2007. SeeClickFix tẹ̀ lé e ní New Haven, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní ọdún 2008.

Ohun tó mú FixMyStreet lágbára ni pé gbangba ni ẹ̀sùn máa ń wà. Aládùúgbò á rí i pé wọ́n ti sọ ọ́, káńsù náà ò sì ní lè sọ pé àwọn ò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ìránṣẹ́ lásán ni áàpù. Bí kò bá sí òṣìṣẹ́ tó ń ṣí i wò ní káńsù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa kú sí.

Ní Nàìjíríà ńkọ́?

Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ní áàpù kankan. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Eyes and Ears, kí aráàlú lè máa fi fọ́tò iṣẹ́ ìjọba ránṣẹ́. BudgIT náà dá Tracka sílẹ̀ ní ọdún 2014. Iṣẹ́ tó wà nínú ìwé ìṣúná ni Tracka ń tọpa rẹ̀: bí wọ́n bá kọ ọ́ pé àwọn máa ṣe gọ́tà ládùúgbò yín, tí ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ lè gbé e síbẹ̀.

Níbi tí kò bá sí áàpù, Google Maps, WhatsApp àti lẹ́tà kan lè ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ta ló ni iṣẹ́ yẹn?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn ti ń sọnù nìyí. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: títì àdúgbò, iná ojú pópó, gọ́tà, kíkó ìdọ̀tí, ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboògbò, títí kan fífún títì lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sára ilé.

Ṣùgbọ́n títì ńlá tó so ìpínlẹ̀ pọ̀, irú èyí tó ti Kàdúná gba Zaria lọ sí Kánò, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. FERMA ló ń tún un ṣe. Òpó iná tó fẹ́ wó, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ni kẹ́ ẹ sọ fún. Bí ẹ̀mí bá sì wà nínú ewu lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe dúró ti áàpù rárá, ẹ pe 112.

Bí ẹ ṣe máa kọ ẹ̀sùn tó ń rìn

1. Ẹ ya fọ́tò méjì lójú mọmọ. Ẹ súnmọ́ ọn fún ọ̀kan. Kí èkejì fi ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí hàn.
2. Ẹ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí Google Maps. Yóò gbé àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà kan tó ní àmì + láàárín jáde. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wúlò gan-an níbi tí ilé ò ti ní nọ́ńbà.
3. Ìṣòro kan, ẹ̀sùn kan. Ẹ má ṣe da gọ́tà, iná àti ìdọ̀tí pọ̀ mọ́ra.
4. Ẹ sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ewu tó wà níbẹ̀: "Gọ́tà iwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti dí láti oṣù kẹta. Bí òjò bá rọ̀, inú omi làwọn ọmọ ń gbà kọjá."
5. Ẹ fi ránṣẹ́ sí káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú, kí ẹ mú un lọ sí sẹkitéríàtì káńsù. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín, kí déètì sì wà níbẹ̀.

Ẹ má ṣe ya ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ má ṣe ya fọ́tò báráàkì ṣọ́jà tàbí ibi àyẹ̀wò ọlọ́pàá. Ẹ má sì ṣe bú ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀sùn.

Ṣé àlejò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Abala 15 nínú ìwé òfin sọ pé ojúṣe ìjọba ni láti rí i pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ olùgbé níbikíbi lórílẹ̀-èdè yìí. Abala 42 ló sì ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà tàbí ibi tí èèyàn ti wá léèwọ̀. Àwa náà ń san owó ilé àti owó ìsọ̀ fún káńsù, kò yẹ ká máa sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tọrọ.

Síbẹ̀, ọgbọ́n la fi ń gbé ìlú onílùú. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan. Ẹ lọ kí Mai Unguwa tàbí olórí àdúgbò kẹ́ ẹ tó fi ẹ̀sùn ránṣẹ́, kí àwọn aládùúgbò tó jẹ́ ọmọ ìlú náà sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú yín. Gọ́tà kan náà ló ń da gbogbo yín láàmú.

Bí wọn ò bá dáhùn

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà lọ pẹ̀lú ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà, òfin FOI ti ọdún 2011 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé béèrè, ọjọ́ 7 ni wọ́n sì ní láti fi fèsì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀. Ilé ẹjọ́ yìí kan náà ló dájọ́ ní ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè nípa owó gọ́tà ti ní ẹni tó yẹ kó dáhùn báyìí.

Ìmọ̀ràn wa fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni pé kí wọ́n yan ọ̀dọ́ méjì tó mọ fóònù lò. Kí wọ́n máa kọ ẹ̀sùn, déètì àti èsì sínú ìwé kan, kí wọ́n sì máa kà á nípàdé oṣooṣù. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Fún àwọn tó wà lókè Ọya, ẹ fẹjọ́ gọ́tà sun káńsù láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin, nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ tí wọ́n ṣì lè gbẹ́ ẹ. Bó bá di oṣù kẹjọ, omi ti gba ibẹ̀.