Nígbà tí Ọmọ bá Dàgbà Tán

Nínú ìtàn ìṣẹ̀dá tí a jogún, Ọbàtálá ni ó ń fi amọ̀ mọ ara ènìyàn. Ìtàn náà sọ pé òrìṣà yìí mu ẹmu yó ní ọjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gún mọ́. Láti ìgbà náà ni abuké, arọ àti àfín ti di ẹni òrìṣà, tí ẹmu sì di èèwọ̀ fún àwọn olùsìn rẹ̀. A máa ń tọ́ka sí ìtàn yìí láti fi hàn pé àwọn baba wa kò fi aláàbọ̀ ara ṣẹ̀sín. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á tún orúkọ àwọn ẹni òrìṣà wọ̀nyí kà. Ara ni gbogbo wọn fi yàtọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tí òye rẹ̀ kò bá ọjọ́ orí rẹ̀ dàgbà, kì í sábà sí láàrin wọn. Dìndìnrìn ni a ń pè é, tàbí sùẹ̀gbẹ̀. Èdè wa kò ṣàánú rẹ̀.

Iṣẹ́ agbo ilé ni ó gbà á là. Mo rántí ọkùnrin kan ní agbo ilé ìyá mi, níbi tí wọ́n ti ń rọ ọkọ́ àti àdá. Kò lè ka owó, bẹ́ẹ̀ ni kò lè jẹ́ iṣẹ́ tí ó bá gùn. Síbẹ̀, òun ni í fi ẹwìrì fínná. Bàbá àgbà tí ó ń lu irin kì í bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìró òòlù ni ó fi ń mọ ìgbà tí yóò yára àti ìgbà tí yóò rọra. Ó tó ẹni ogójì ọdún nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, n kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè ohun tí a ó fi í ṣe. N kò sọ pé gbogbo agbo ilé ni ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń há irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ mọ́ iyàrá ẹ̀yìn bí àlejò bá dé.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi kọ́ ni yóò bu ẹnu àtẹ́ lu ètò náà. Ṣùgbọ́n ó mú òṣùwọ̀n tuntun wọlé: kíláàsì. Ọmọ tí ó mọ ewúrẹ́ dà dáadáa wá di ẹni tí ó ń tún kíláàsì kan náà kà lọ́dọọdún. Ó lé ní ogún ọdún kí ìjọba tó fi ọwọ́ gidi mú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí ó jáde ní ọdún 1977 ya apá kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe. Ọdún náà ni wọ́n sì dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó wà ní Ọ̀yọ́ lónìí sílẹ̀ láti kọ́ àwọn olùkọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ni wọ́n ń rò. Nígbà tí ó bá pé ogún ọdún, tí irùngbọ̀n rẹ̀ hù, lọ́pọ̀ ìgbà ni ilé ẹ̀kọ́ máa ń dá a padà fún ìyá rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin fún àwọn àkàndá ẹ̀dá ní 2011. Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2019. Ó ní kí 5 ó kéré tán nínú 100 òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba jẹ́ aláàbọ̀ ara, kí kẹ̀kẹ́ arọ sì lè wọ ilé ìjọba. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, tí òye rẹ̀ ń falẹ̀, ènìyàn ni ó nílò: ẹni tí yóò dúró tì í lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù púpọ̀, tí yóò fi ohun kan náà hàn án nígbà ọgọ́rùn-ún láìbínú. Bàbá alágbẹ̀dẹ ṣe é láìgba owó oṣù.

Nígbà tí ọkọ́ òyìnbó kún ọjà, iná àgbẹ̀dẹ náà kú. Ọkùnrin tí mo wí kò yé jí lọ síbẹ̀ ní àràárọ̀. A jókòó ti ẹwìrì, a máa retí ìró irin, títí àbúrò rẹ̀ obìnrin yóò fi wá mú un lọ jẹun.